Ààwẹ̀ júùsì ọjọ́ 3: ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ìgbógbó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Láti àárọ̀ Jímọ̀ dé alẹ́ Àìkú, júùsì nìkan ni mo fẹ́ máa mu, kò ní sí oúnjẹ. Ọdún 41 ni mí, kílò 88, kò sí àìsàn kankan tí mo mọ̀. Blẹ́ńdà ló wà nílé, n kò ní ẹ̀rọ ìfún-èso. Iná ìjọba, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ṣe. Kí ni kí n rà, mélòó, ìgbà wo ni kí n mu ún, báwo ni kí n ṣe jáde nínú rẹ̀? Wọ́n tún ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?

Onímọ̀ Oúnjẹ Èbúté
Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn mú un, torí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Júùsì kì í fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín ló ni iṣẹ́ yẹn, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń ṣe é, yálà ẹ mu kárọ́ọ̀tì tàbí ẹ jẹ àmàlà. Ẹni tó bá ń ta ìgò aláwọ̀ ewé fún yín pé ó ń fa ìdọ̀tí jáde lára, ẹ ní kó dárúkọ ìdọ̀tí náà.

Ti kílò tó máa ń lọ sílẹ̀ ńkọ́? Ara máa ń kó ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, bíi gíráàmù 400 sí 500. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń fa omi bíi gíráàmù 3 mọ́ra. Tí oúnjẹ bá dín, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ná ìpamọ́ yẹn, omi tó wà lára rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ lọ. Òun ló jẹ́ kí òṣùwọ̀n fò wálẹ̀ ní kílò 1 àbọ̀ tàbí 2 láàárín ọjọ́ 3. Ọ̀rá kọ́ ni èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀bà ọjọ́ méjì, ó ti padà sáyè rẹ̀.

Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ṣúgà: kó má ju ìdá 10 nínú 100 agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ lọ, ó sì dáa jù kó wà lábẹ́ ìdá 5, ìyẹn bíi gíráàmù 25 fún àgbàlagbà. Wọ́n ka ṣúgà tó wà nínú júùsì mọ́ ọn, kódà kí ẹnikẹ́ni má fi horo ṣúgà kan sí i. Ife júùsì ọsàn kan, mílílítà 240, ti ní bíi gíráàmù 21. Ṣúgà inú ọsàn tí a jẹ tòun ti ẹran rẹ̀ kò sí nínú ìkà yẹn. Fáíbà inú ẹran ọsàn kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọ ẹ̀jẹ̀. (Àwa tí à ń fa ọsàn mu níbí, tí à ń tu eèrí rẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.)

Ó tún ku pùrótíìnì. Kílò 88 nílò bíi gíráàmù 70 lóòjọ́, torí gíráàmù 0.8 ni a máa ń ka fún kílò kọ̀ọ̀kan. Lítà 2 júùsì ewébẹ̀ àti èso kì í fúnni ní ìdajì rẹ̀. Tí kò bá sí lóúnjẹ, inú iṣan ni ara ti máa ń lọ yá a.

Lójú tèmi, ọjọ́ 1 tó. Ohun tó wúlò nínú rẹ̀ ni pé ó ń gé mínírà àti oúnjẹ aago mọ́kànlá òru kúrò lọ́wọ́ èèyàn, ó sì ń mú kí ẹnu tún mọ adùn ewébẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ 3 lẹ ti pinnu, ọjọ́ 3 náà ni kó mọ, kí ewébẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí èso jẹ́ ìdá kan.

Ìyá Eléso Sábó
Ọmọ mi, tọjà ni tèmi. Má ra ti ọjọ́ 3 lẹ́ẹ̀kan náà. Ra kárọ́ọ̀tì, ápù, atalẹ̀ àti bítrúùtù sílẹ̀, wọ́n máa dúró. Kùkúmbà, ewé àti tòmátì, ojúmọ́ kan ojúmọ́ kan ni.

Kárọ́ọ̀tì tí à ń tà, òkè ọya ló ti ń wá. Kó tó gba Mile 12 dé Sábó, ó ti lo ọjọ́ lójú ọ̀nà. Ṣẹ́ ọ̀kan wò kó o tó sanwó: tó bá dún kẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀, tó bá ń tẹ̀ bí rọ́bà, eèrí lo máa rí fún. Kùkúmbà, mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó le, tó dúdú minimini. Èyí tó sanra tí ara rẹ̀ ti ń pọ́n, kóró rẹ̀ ti gbó. Gé orí àti ìdí rẹ̀, fi ahọ́n kan án. Tó bá korò, jù ú nù, má wulẹ̀ fi ápù bò ó mọ́lẹ̀, torí kíkorò yẹn lè dani nínú rú.

Kóo lè mọ iye tó o máa rà: kárọ́ọ̀tì kílò 1 ń mú bí ìdajì lítà wá, tó bá dáa. Ọsàn tó mọ níwọ̀n, bíi mílílítà 70 ni ọ̀kan, nítorí náà ọsàn 3 sí 4 ló ń di ife kan. Kùkúmbà ńlá kan ń mú bí ife kan wá. Ọ̀pẹ̀yìnbó tó mọ níwọ̀n ń mú ìdajì lítà wá, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ pọ̀, má fi í ṣe ìpìlẹ̀.

Ẹ máa fojú ṣọ́ ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò. NAFDAC ti kìlọ̀ títí lórí káábáìdì tí àwọn kan fi ń pọ́n èso tipátipá, torí ó lè ní ásẹ́níìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n yòò láti orí dé ìdí, tí kò ní àmì dúdú kan, tí ọrùn rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, tó o wá bó o tí inú rẹ̀ le tí kò sì dùn, ìwọ náà ronú sí i.

Bàrà olómi, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní watermelon, odindi ni kó o rà. Èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀ lẹ́bàá títì, eṣinṣin àti eruku ọkọ̀ ti bá ọ jẹ nínú rẹ̀. Fọ ẹ̀yìn rẹ̀ kó o tó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn tí ẹ rò pé a kì í jẹ yẹn, ọ̀bẹ ló ń gbé ìdọ̀tí rẹ̀ wọlé.

Alájúùsì Gáréèjì
Ìyá ti sọ tọjà tán, ẹ jẹ́ kí n to ti ọjọ́ kan. Ife 5 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi mílílítà 400, gbogbo rẹ̀ lítà 2. Ẹ mu omi lásán lítà 1 àbọ̀ láàárín wọn.

Aago 7 àárọ̀: kùkúmbà ńlá 1, ewé ùgwú ẹ̀kúnwọ́ 1, ápù aláwọ̀ ewé 1 (ẹ yọ kóró rẹ̀), atalẹ̀ tí kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ìdajì.

Aago 10: kárọ́ọ̀tì gíráàmù 500, ọsàn 1 tí ẹ ti bó tẹ́ ẹ sì ti yọ kóró rẹ̀ (kóró ọsàn tí blẹ́ńdà bá lọ̀ máa ń korò), atalẹ̀ díẹ̀.

Aago 1 ọ̀sán: tòmátì 4, kùkúmbà ìdajì, tàtàṣé ìdajì, ewé efinrin 4 tàbí 5, àti iyọ̀, ìwọ̀n tí orí ìka méjì bá mú. Ẹ má fo iyọ̀ yẹn. Omi àti èso tí kò níyọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú oòrùn wa yìí, òun ló ń fa òòyì ní ìrọ̀lẹ́. Ife yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kórìíra, òun náà ló sì ń gbé ni ró jù. Ẹ mu ún bí omi ọbẹ̀.

Aago 4: bàrà olómi gígé ife 2, kùkúmbà ìdajì, ọsàn wẹ́wẹ́.

Aago 7 alẹ́: bítrúùtù kékeré 1, kárọ́ọ̀tì 3, ápù ìdajì. Ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ lè pupa lọ́jọ́ kejì. Àwọ̀ bítrúùtù ni. Tí ẹ kò bá mu bítrúùtù tó ń pupa, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, ọsibítù ni.

Fún blẹ́ńdà: ohun tó lómi ni kó kọ́kọ́ wọlé, kùkúmbà tàbí ọsàn, lẹ́yìn náà ewé, kárọ́ọ̀tì àti bítrúùtù gbẹ̀yìn. Tí kárọ́ọ̀tì bá kọ́kọ́ délẹ̀, á há sábẹ́ abẹ, èyí tó wà lókè á dúró láìlọ̀. Kárọ́ọ̀tì nílò omi mílílítà 150 kó tó lè yí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ùgwú àti málítì àti mílíìkì tí wọ́n ń pò pọ̀ ní ààwẹ̀ júùsì. Málítì ti gbé ṣúgà tirẹ̀ wá láti ilé.

Ọmọ Ìgbógbó
Ẹ ṣé púpọ̀. Ṣé kí n sẹ́ ẹ àbí kí n mu ún bẹ́ẹ̀?

Onímọ̀ Oúnjẹ Èbúté
Ẹ mu ún bẹ́ẹ̀ tí ọ̀fun bá gbà á. Èyí tí a kò sẹ́ ṣì ní fáíbà nínú, ó ń pẹ́ nínú ikùn, kì í sì í jẹ́ kí ìgbẹ́ gbẹ. Kárọ́ọ̀tì àti bítrúùtù nìkan ló máa ń yọ èèyàn lẹ́nu. Ẹ sẹ́ ìyẹn, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀.

Alájúùsì Gáréèjì
Tí ẹ bá máa sẹ́ ẹ, ẹ má fi asẹ́ ògì ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá ní èso ni kò dáa. Ohun tó ń mú ògì kan ti bá okùn aṣọ yẹn gbé, fífọ̀ lásán kò lè lé e. Ẹ sẹ́ júùsì àárọ̀ sínú ìgò pẹ̀lú rẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti ń hó, tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí á dún pàà, òórùn bí ẹmu á sì jáde. Ẹ ra aṣọ funfun tuntun, ìwọ̀n ọ̀pá kan tó. Ẹ sè é nínú omi híhó ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó lò ó àti lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ pátápátá.

Ẹlẹ́rọ Ìta-Ẹlẹ́wà
Ẹ dúró, ẹ má ba blẹ́ńdà jẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilé wa, wáàtì 350 sí 500 ni, ata ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò ṣe é fún kárọ́ọ̀tì kílò kan. Ẹ gé kárọ́ọ̀tì kéré bí ìka ọmọdé, ìwọ̀n oríkèé kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ dá a dúró ìṣẹ́jú 1. Tí òórùn rọ́bà jíjó bá ti jáde, ẹ pa á, kó sinmi ìṣẹ́jú 20.

Iná tí kò lágbára ló ń pa á jù. Tí fáànù bá ń yí bí arúgbó, ẹ má tan blẹ́ńdà. Mọ́tò á fẹ́ yí, kò ní lágbára tó, gbogbo iná tó ń fà á wá di ooru nínú wáyà rẹ̀. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré, I-better-pass-my-neighbour: ẹ yọ fíríìjì kí ẹ tó ki blẹ́ńdà bọ̀ ọ́. Tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá gbéra nígbà tí blẹ́ńdà ń lọ̀, méjèèjì ló máa jìyà.

Ẹ sì tú ìdí ife rẹ̀, ẹ yọ rọ́bà róbótó tó wà lábẹ́ abẹ. Dúdú tí ẹ máa bá níbẹ̀, ata ọdún tó kọjá ni.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ̀
Ọ̀rọ̀ rọ́bà yẹn ṣe pàtàkì ju bí Ẹlẹ́rọ ṣe sọ ọ́ lọ. Oúnjẹ wa, iná ń pa kòkòrò inú rẹ̀. Júùsì kò kan iná rí. Ohunkóhun tó bá wà lára ewé, lọ́wọ́, nínú omi tàbí lábẹ́ abẹ yẹn, tààrà ló ń lọ sínú ikùn. Ìgbẹ́ gbuuru lọ́jọ́ kejì ààwẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé "ìdọ̀tí ló ń jáde", lọ́pọ̀ ìgbà àìmọ́tótó ni, tàbí ápù àti èso tó pọ̀ jù.

Ẹ fọ ewé lábẹ́ omi tó ń ṣàn, ewé kan ewé kan, ẹ̀yìn àti iwájú, pàápàá ùgwú tí wọ́n gbìn sórí ìgbẹ́ adìẹ. Omi iyọ̀ ń lé kòkòrò tí ojú rí kúrò lára ewé, kì í pa gbogbo kòkòrò àìrí. Ọṣẹ ìfọṣọ kò yẹ kó kan ewé rárá. Omi tó máa fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn àti omi tí ẹ máa dà sí blẹ́ńdà, kó jẹ́ omi tó ti hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 1 tó sì ti tutù, kódà kí bóhòlù yín mọ́ gaara. Yìnyín inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lè to ìgò sí àárín rẹ̀ nínú kúlà, ẹ má jù ú sínú ife.

Tí kò bá sí iná, fún èyí tí ẹ máa mu lójú ẹsẹ̀. Wákàtí 2 ni lóde, kò jù bẹ́ẹ̀. Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa, wákàtí 24, nínú ìgò tí ẹ ti fi omi híhó ṣàn, kó kún dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má ráyè. Fíríìjì tí iná ti lọ láti àárọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dán an wò láìrí dókítà: aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọdé, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí àrùn sẹ́ẹ̀lì (sickle cell) ń bá jà torí àìtó omi lè dá ìrora sílẹ̀, ẹni tó ti tín-ínrín tẹ́lẹ̀, àti ẹni tó ti fìgbà kan rí ní wàhálà pẹ̀lú fífi ebi pa ara rẹ̀ nítorí pé kó má sanra. Ọgbẹ́ inú náà: ọsàn wẹ́wẹ́ àti atalẹ̀ lórí ikùn òfìfo á ta á.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè, "kò sí àìsàn tí mo mọ̀" kò tó. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ṣúgà tó bá wà lábẹ́ 100 (mg/dL la fi ń kà á) dáa. 100 sí 125, ẹ má fi júùsì èso gbààwẹ̀, ẹ fi oúnjẹ tó dáa ṣe é. 126 sókè, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó kàn.

Apòògùn Agric
Mo fẹ́ kún ọ̀rọ̀ Àǹtí Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú oògùn, torí ibẹ̀ ni a ti máa ń rí wàhálà jù.

Oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi glibenclamide àti abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ń já ṣúgà wálẹ̀ yálà ẹ jẹun tàbí ẹ kò jẹ. Júùsì á gbé e sókè fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà oògùn á fà á lulẹ̀. Òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, àyà tó ń já, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́pọ̀ lẹ́nu: tí òṣùwọ̀n bá fi hàn pé ó wà lábẹ́ 70, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 3 sínú omi, ẹ mu ún, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá sí òṣùwọ̀n nílé, ẹ má dúró wá a, ẹ mu ṣúgà ná. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: Moduretic àti àwọn tó ń múni tọ̀ á fi kún àìtó omi. Moduretic kan náà àti lisinopril máa ń di potáṣíọ̀mù mú sínú ara, omi àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátì àti ọsàn sì kún fún un. Ife omi àgbọn kan ní bíi mílígíráàmù 600. Fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá kò ṣe nǹkan. Fún ẹni tó ń lo oògùn wọ̀nyẹn tàbí tí kídìnrín rẹ̀ kò dáa, potáṣíọ̀mù tó pọ̀ jù lè da ìlù ọkàn rú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kó àgbọn láti Àgbádárìgì wá torí ààwẹ̀, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bù ú fún.

Gírépù, ọsàn ńlá tó korò díẹ̀ yẹn, kì í jẹ́ kí ara fọ́ oògùn kan bó ṣe yẹ, oògùn á wá pọ̀ jù lẹ́jẹ̀: nifedipine wà níbẹ̀, simvastatin, amlodipine náà díẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má ṣàdédé gbé ìgò ewé lójoojúmọ́, fítámínì K inú ewé ń bá oògùn náà jà.

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà
Gbogbo eléyìí dáa, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ pé kó lo oògùn ìfọnú lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ikùn tí kò ṣófo, kí ni júùsì fẹ́ ṣe nínú rẹ̀? Mo mọ̀ pé wọ́n tún ń fi bítà ife kékeré kan sí i láàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ̀
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ìfọnú ń kó omi, iyọ̀ àti potáṣíọ̀mù jáde lóru ọjọ́ kan, ẹ wá fẹ́ fi omi kùkúmbà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kejì. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣubú ní balùwẹ̀. Bítà ńkọ́? Ọtí wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ọtí lórí ikùn òfìfo ń já ṣúgà wálẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ tó yẹ kò ju pé kó dín kọfí àti tíì kù láti ọjọ́ 3 ṣáájú, kó má jẹ́ pé ọjọ́ kìíní ni gbogbo rẹ̀ máa dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan. Orí fífọ́ ọjọ́ kìíní, kọfí ló ń fà á lára ẹni tó ti mọ́ lára.

Ọmọ Ìgbógbó
Tí orí bá wá fọ́ mi ńkọ́?

Apòògùn Agric
Omi ife 2 pẹ̀lú ife tòmátì oníyọ̀ yẹn ná, kẹ́ ẹ jókòó sí ibi tó tutù. Tí kò bá lọ, párásítámọ̀ oní-500, ẹyọ 1 tàbí 2. Ẹ má fi ọwọ́ kan ibuprofen tàbí diclofenac: ikùn òfìfo àti ara tí omi kò tó, ikùn àti kídìnrín ni wọ́n máa dojú kọ. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lo párásítámọ̀ ju 8 lọ nínú wákàtí 24, ẹni tí kò jẹun kí tirẹ̀ kéré sí i gan-an.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ̀
Kí ẹ sì jáwọ́ lójú ẹsẹ̀ tí òòyì bá ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde, tí àyà ń lù kìkì láìṣe iṣẹ́, tí ìtọ̀ pọ́n bí tíì dúdú, tàbí tí èébì kò dúró. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó parí ọjọ́ kẹta.

Onímọ̀ Oúnjẹ Èbúté
Mo fẹ́ dá àbá kan tí àwọn tó ń fi ọwọ́ líle mú ààwẹ̀ yìí kò ní fẹ́: ẹ fi ife wàrà sóyà tí kò ní ṣúgà 1 rọ́pò ti aago 10, ẹ sì jẹ ẹ̀pà sísè ẹ̀kúnwọ́ 1 ní aago 4. Lítà 2 tí Alájúùsì kà sílẹ̀ yẹn kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju kálórì 700 sí 800 lọ, ẹni kílò 88 tó ń ṣiṣẹ́ nílò ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Alájúùsì Gáréèjì
Ẹ̀pà ti di oúnjẹ, Àǹtí. Ìyẹn kì í ṣe ààwẹ̀ júùsì mọ́.

Onímọ̀ Oúnjẹ Èbúté
Kí orúkọ rẹ̀ yí padà. Iṣan ẹni kò mọ orúkọ.

Àlàájà Ìmọ̀ta
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè fi júùsì yìí ṣínu nínú Ramadan? Àwọn ọmọ ilé wa kan ní júùsì nìkan làwọn máa fi ṣínu, júùsì nìkan làwọn sì máa fi ṣe sàárì.

Onímọ̀ Oúnjẹ Èbúté
Fún ìṣínu, dábínù àti omi ni kó kọ́kọ́ wọlé, ife júùsì kékeré lè tẹ̀ lé e, kí oúnjẹ gidi sì tẹ̀ lé ìyẹn. Fún sàárì, rárá, Mọ̀mí. Ṣúgà júùsì kì í pẹ́ lára, kó tó di aago 9 àárọ̀ ó ti lọ, ebi á sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà, ẹyin, ọ́ọ̀tì tàbí ògì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ló ń gbé ni dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pa àwẹ̀ ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ti júùsì ọlọ́jọ́ 3, torí omi gan-an kò ní wọlé lọ́sàn-án.

Ìyá Eléso Sábó
Ẹ má gbàgbé eyín. Ọsàn wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ̀yìnbó àti ápù látàárọ̀ dalẹ́ ń rọ awọ eyín. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sáré ki búrọ́ọ̀ṣì bọnu, pákò náà kọ́, ó kéré tán kó tó ìdajì wákàtí.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ̀
Ti jíjáde. Àárọ̀ Ajé: ògì mímu tó ṣàn díẹ̀, ife 1, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ìdajì. Ọ̀sán: ata ẹja tútù láti Èbúté, tí ata rẹ̀ kò ta jù, pẹ̀lú iṣu sísè bíbẹ́ 1. Alẹ́: ìrẹsì díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ kò léfòó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ padà sí oúnjẹ yín, ẹ bù ú kù. Ẹni tó bá fi ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ògúnfe olóròóró jáde láàárọ̀ Ajé, ikùn rẹ̀ á wú, á sì máa sáré lọ sẹ́yìn ilé.

Ẹ fetí sí èyí: ẹni tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun fún ju ọjọ́ 5 lọ, jíjáde gan-an lè di ewu. Tí oúnjẹ bá wọlé lójijì, potáṣíọ̀mù àti fọ́síféètì inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ọsibítù ni wọ́n ti ń bọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kéde "ọjọ́ 21" fi ń bí mi nínú.

Ọmọ Ìgbógbó
Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Mo ti gé e sí ọjọ́ 1, Sátidé, pẹ̀lú ẹ̀pà Àǹtí. Ọ̀la ni mo ń lọ wọn ṣúgà. Ó ku ohun kan: ṣé ewé tẹ̀tẹ̀ lè rọ́pò ùgwú? Àti pé eèrí kárọ́ọ̀tì tí mo bá sẹ́, ṣé kí n dà á nù ni?

Onímọ̀ Oúnjẹ Èbúté
Ẹ má mu tẹ̀tẹ̀ ní tútù. Ó ní ọ̀sáléètì púpọ̀, ohun kan náà tó wà nínú bítrúùtù, tó ń para pọ̀ mọ́ kálísíọ̀mù di òkúta nínú kídìnrín ẹni tó bá ní ìtẹ̀sí rẹ̀. A máa ń bọ tẹ̀tẹ̀, a sì ń da omi àkọ́bọ̀ rẹ̀ nù, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń bá omi yẹn lọ. Ùgwú díẹ̀ tàbí efinrin ni kẹ́ ẹ lò.

Alájúùsì Gáréèjì
Eèrí kárọ́ọ̀tì kì í ṣe ìdànù. Ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ kí ẹ tó wé mọ́ínmọ́ín, ife eèrí 1 sí ẹ̀wà lílọ̀ ife 4, ẹ dín omi rẹ̀ kù díẹ̀ kó má bàa rọ̀ jù. Ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ lò ó. Ti atalẹ̀ àti bítrúùtù, ẹ gbé e fún ewúrẹ́ aládùúgbò, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ o, kó má rí ìgbẹ́ pupa láàárọ̀ kó wá máa pe oníṣègùn ẹran.